Ọmọ Mélòó Ni Ẹ Bí?

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Rótìmí ti wà nídìí sítóòfù. Àlejò kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí, aago méjì ọ̀sán ló sì ní òun máa dé, ṣùgbọ́n ìrẹsì ti jinná, mọ́ínmọ́ín ń hó lórí iná, ó sì ti din itan adìẹ mẹ́jọ sílẹ̀. Bridget ni orúkọ Ìyá Rótìmí níbi iṣẹ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Lanham, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ilé wọn ní Glenn Dale àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó mọ Bridget. Ìyá Rótìmí ni wọ́n ń pè é, Fúnṣọ́ ọkọ rẹ̀ sì ni Bàbá Rótìmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rótìmí ti kó jáde tipẹ́, tó ti fẹ́yàwó, tó ti bí Ethan àti Zoe. Túndùn, ọmọ wọn obìnrin, ló ṣẹ́kù sílé.

Túndùn ni àlejò náà ń bọ̀ wá wádìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń wù ú láti kékeré: kí ó máa ṣojú ìjọba Amẹ́ríkà lókè òkun, kí ó jókòó sí ẹ́ńbásì, kí ó máa bá ìjọba ibòmíràn sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti ń múra. Orúkọ olú-ìlú gbogbo orílẹ̀-èdè ayé wà lára ìlẹ̀kùn fíríìjì, ìyá rẹ̀ kò sì rí ibi lẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Gbogbo Sátidé ló ń lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láíbìrì kan ní Greenbelt, wọn á máa ṣe bí ẹni pé orílẹ̀-èdè méjì ń jà sí odò kan, kí ẹnì kan bá wọn parí ìjà. Nílé, inú bálùwẹ̀ ló ti ń dánra wò níwájú dígí, tí ìyá rẹ̀ á máa kanlẹ̀kùn: "Ọlọ́lá jùlọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáde, mo fẹ́ wẹ̀." Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó yege, ó yege nínú ti ẹnu náà, dókítà sì ní ara rẹ̀ le. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ìjọba tú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n rí i pé kò ní ohun tó ń pa mọ́.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí, ẹ má sì fojú kékeré wo fọ́ọ̀mù o. Ibo lo gbé láti ọdún mẹ́wàá? Ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀? Ta ni ẹbí rẹ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, báwo lẹ ṣe jẹ́ síra, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń sọ̀rọ̀ lóṣù? Ẹni tí wọ́n sin bàbá àti bàbá-bàbá rẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, tí wọ́n ń pè ní county níbí, ọ̀sán kan ló fi ń kọ ọ́ tán. Ọmọ tiwa, tí ẹbí rẹ̀ fọ́n ká Ìbàdàn, Lọ́ndọ̀nù àti Johannesburg, oṣù kan gbáko ló fi ń pe àwọn àgbà lórí fóònù, tí wọ́n ń bi í léèrè pé kí ni ìjọba fẹ́ fi ọjọ́ ìbí àwọn ṣe. Inú ń bí mi sí i, ẹ má bínú. Pépà ni wọ́n fi yọ̀ǹda kí á wọlé, pépà ni a fi ń sùn, òun la fi ń jí, ìgbà tí ọmọ wa sì fẹ́ sin ìlú tí wọ́n bí i sí, pépà náà ni wọ́n tún ní kó lọ mú wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Túndùn ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lánàá ni bàbá rẹ̀ ní kó tẹ ẹ̀dà kan fún òun, kí àwọn lè jọ yẹ déètì wò kí àlejò tó dé. Fúnṣọ́ ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì county ní Upper Marlboro, kò sì lè rí ìwé kó má kà á. Ó gba ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, bí ìyàwó rẹ̀ náà ti gbà. Aago mẹ́sàn-án ló jókòó sí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹyin díndín àti gègé pupa. Ó ka ojú ìwé mẹ́wàá, ó ka ogún, ó ń mirí. "Ọmọ yìí mọ ìwé kọ," ló ń wí. Nígbà tó kọjá àádọ́ta, kò jẹ búrẹ́dì mọ́.

"Túndùn."

"Sà?"

"Ta ni o kọ síbí?"

Túndùn wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Màámi Ìbàdàn ni, Daddy. Kúlísúmù. Mo pè wọ́n fún date of birth wọn. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní orúkọ àwọn ti dé Amẹ́ríkà."

"Kí lo kọ sí iwájú orúkọ wọn?"

"Bí a ṣe jẹ́ síra. 'Birth mother of my brother Rótìmí.'"

Ìyá Rótìmí ti omi ẹ̀rọ pa. Mọ́ínmọ́ín nìkan ló ń dún lórí iná.

Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́ ọkùnrin tó ti kú, ọkọ Kúlísúmù, ló bí Rótìmí. Wọn kò fi pa mọ́ fún Túndùn, wọn ò kàn ń sọ ọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ ẹni ni, ta ló ń jókòó ṣàlàyé ìyẹn? Ohun tí Túndùn kò mọ̀ ni ohun tí pépà sọ. Ìwé tí wọ́n fi gbé Rótìmí wọ Amẹ́ríkà ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ pé Fúnṣọ́ àti Bridget ló bí i. Orí ìwé yẹn ló dúró lé tó fi di ọmọ ìlú, tó fi ríṣẹ́, tó fi ra ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù Túndùn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ Rótìmí. Bàbá Túndùn sọ èyí fún un lórí tábìlì náà ní gbólóhùn mẹ́ta, kò sì wo ojú rẹ̀.

Túndùn jókòó. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Daddy, wọ́n ní everybody. Tí mo bá fi ẹnì kankan sílẹ̀, irọ́ ni, wọ́n lè torí ẹ̀ lé mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má purọ́."

"Mo kọ́ ọ pé kí o má purọ́, n ò kọ́ ọ pé kí o máa sọ gbogbo ohun tí o mọ̀!"

"Ẹ rọra," ni Ìyá Rótìmí wí. "Kò mọ̀."

"Pè wọ́n, sọ pé àṣìṣe ni."

"Mo ti sign ẹ̀, Daddy. Tí mo bá sọ fún investigator pé àṣìṣe ni, tó sì jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ni crime."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fúnṣọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wá dà bíi pé ó rí ọ̀nà kan. Ó sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Gbọ́. Bó bá dé, ṣàlàyé fún un. Sọ pé ní ilẹ̀ wa, gbogbo àgbà obìnrin nínú ẹbí la máa ń pè ní ìyá. Ìyá ẹni lè tó mẹ́wàá. Òótọ́ sì ni, àbí? O ò purọ́."

"Mo kọ 'birth mother', Daddy." Túndùn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "'Mother' ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo wá ronú pé ó máa confuse wọn, torí mo ti kọ Mummy sókè. Ìdí tí mo ṣe fi 'birth' kún un nìyẹn. Kó lè clear."

Bàbá rẹ̀ pa fọ́ọ̀mù náà dé. Ọmọ tó fi ọdún méjì kọ́ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú kan kí ìlú kejì lè gbọ́ ọ ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú. Gbogbo ìyá mẹ́wàá ilẹ̀ wa, ó ti wá ọ̀rọ̀ kan tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ láàárín wọn. Fúnṣọ́ mọ òwe kan nípa irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á fún òun láàárọ̀ yẹn. Ó gbé fóònù, ó pe Rótìmí níbi iṣẹ́, ó ní kó máa bọ̀ kíá.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Stephanie tó ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ kanlẹ̀kùn. Abọ́ gíláàsì tí wọ́n fi gbé oúnjẹ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dá padà, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún un láti sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin kan wá sílé òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó béèrè bóyá Túndùn ń mutí, bóyá àwọn àjèjì ń wọlé tọ̀ wọ́n.

"Ọ̀rọ̀ rere nìkan ni mo sọ," Stephanie wí. "Mo ní ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi ní oúnjẹ. Mo sọ nípa ọmọkùnrin yín tó ń bá mi kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo tilẹ̀ bá a ṣàwàdà pé n ò mọ ibi tí ẹ ti rí ọmọ gíga bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kúrú báyìí!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Rótìmí bá a rẹ́rìn-ín. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́ náà padà fún un, nítorí a kì í jẹ́ kí ẹni tó wá sílé ẹni lọ lọ́wọ́ òfo, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ó dúró sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn náà pẹ́.

"Kí Túndùn fà sẹ́yìn," ni Fúnṣọ́ wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ padà sí kíṣìnnì. "Kó sọ fún wọn pé òun ò ṣe mọ́. Iṣẹ́ pọ̀ nílùú yìí. County ń gba èèyàn."

"Ọdún méjì, Bàbá Rótìmí. Ẹ ò rí i bó ṣe sunkún nígbà tó kọ́kọ́ fail ni?"

"Mo rí i. Rótìmí ńkọ́? Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì. Bí wọ́n bá gba pépà rẹ̀, ibo ni kó gbà? Ṣé Ìbàdàn tó ti kúrò láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Gbogbo ìgbà ni Rótìmí, Rótìmí! Nígbà tí owó school kò tó, ta ló dúró de ta? Nígbà tí yàrá kan ṣoṣo ló ní fèrèsé, ta la fún? Mo ti ṣe é. N kò ráhùn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ikùn mi bí, ìgbà wo ló máa tó kàn án?" Ó gbé ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn!"

Ẹnu ọ̀nà gáréèjì ṣí sílẹ̀. Rótìmí ló dúró níbẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ tó fi ń tún ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Daddy. Ẹ káàsán, Mummy."

"Rótìmí," ni Ìyá Rótìmí wí. "Rótìmí, n ò…"

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́, Mummy."

Ó lọ sídìí síǹkì, ó ń fọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́ ju bí ọwọ́ ṣe ń dọ̀tí lọ. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì, kò mọ bó ṣe yẹ kó nà án sí i. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló fi kó ọ̀rọ̀ yẹn sínú, tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ebi pa wọ́n, tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jà. Mo ní kí ẹ má dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ẹni tí wọ́n bá ní kó yan ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ méjèèjì ló máa mọ ohun tí yóò ti ẹnu òun jáde.

Túndùn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Rótìmí gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Bọ̀ọ̀dá, I didn't know."

"I know say you no know." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Aago mélòó lọkùnrin náà ń bọ̀?"

"Méjì."

"Lọ múra. Tó bá bi ọ́, sọ òtítọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ rí irọ́ lẹ́nu ìwọ náà. Ethan àti Zoe…" Kò parí ọ̀rọ̀ nípa Ethan àti Zoe.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni àlejò dé. Ọ̀gbẹ́ni Joel ló pe ara rẹ̀, ọkùnrin dúdú tó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó sì nu bàtà rẹ̀ dáadáa kó tó wọlé. Ìyá Rótìmí gbé tíréè síwájú rẹ̀: ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín méjì, itan adìẹ tó tóbi jù, omi tútù. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní ó wọ òun lójú, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ òun kò gbà kí òun jẹ nǹkan kan nílé ẹni tí òun ń wádìí.

"Omi nìkan ńkọ́?"

"Omi náà, Ma. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà gbé tíréè rẹ̀ padà. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò gba àlejò tí kò fi omi ilé rẹ̀ kan ẹnu rí. Ọ̀gbẹ́ni Joel ní kí àwọn òbí yọ̀ǹda àwọn, ó sì ti ìlẹ̀kùn pálọ̀.

Àwọn mẹ́ta ló kù ní kíṣìnnì. Wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Fúnṣọ́ ń ṣí ojú ìwé fọ́ọ̀mù náà lọ, ó ń fojú bù ú pé ibí yìí ni wọ́n máa wà báyìí, wọ́n ti máa kọjá ibi ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sún mọ́ ọn. Rótìmí gun àga, ó ń tú ihò atẹ́gùn tó wà lókè sítóòfù, ó ní ó ti ń dún láti ọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Rótìmí mú àga náà dání kó má bàa yẹ̀. Ó ní, "Rọra, ọmọ mi," ọmọ náà sì ní, "Yes, Ma." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún wa ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá tà.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ohùn Túndùn lọ sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí.

"Mo ti fà sẹ́yìn," Túndùn wí. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Wọn ò tíì dé page yẹn. Mo ní mi ò ṣe mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Joel dúró lẹ́yìn rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní ó dun òun, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọmọ tó múra sílẹ̀ báyìí. Ó ní òun yóò kọ ọ́ pé ó fà sẹ́yìn. Ó sì ní òun ti ṣàlàyé fún Túndùn pé ó lè jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tó fọwọ́ sí yóò wà nínú fáìlì.

Fúnṣọ́ mirí. Ó yé e ju gbogbo wọn lọ. Lójoojúmọ́ ni òun náà ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá bẹ̀ ẹ́ ní Upper Marlboro, pé ohun tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde mọ́.

Nígbà tí wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin náà yíjú sí Ìyá Rótìmí. Ó wo Túndùn, ó wo Rótìmí tó ga dé òkè fírémù ìlẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ní ẹbí tó dára, Ma. Ọmọ mélòó ni ẹ bí?"

Bóyá ó kàn ń kí i ni. Bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó lè sọ. Ìyá Rótìmí, tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, wá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ara rẹ̀ tì. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ Rótìmí mú.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ló wí.

Ọkùnrin náà wo Túndùn. Iṣẹ́ tó kọ́ fún ọdún méjì nìyí: kí ó dúró láàárín ẹni méjì, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ọ̀gbẹ́ni Joel ní ọ̀rọ̀ náà dára. Ó kí wọn, ó lọ. Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n rí i pé ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, kò ṣíná. Ó tẹríba, ó ń kọ nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi kọ ọ́, Fúnṣọ́ ń wo aago. Lẹ́yìn náà ló wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ìyá Rótìmí gbé tíréè àlejò, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Rótìmí. Ó yọ itan adìẹ kejì lé e. Rótìmí ní ó ti pọ̀ jù, ó sì jókòó, ó ń jẹ ẹ́. Túndùn dúró níwájú fíríìjì. Kò yọ orúkọ àwọn olú-ìlú kúrò, ó kàn ń wò wọ́n.

Fóònù rẹ̀ ló dún. Màámi Ìbàdàn ni, ojú wọn kún gbogbo gíláàsì fóònù náà, ìborùn funfun wà lórí wọn.

"Túndùn, ọmọ mi! Ṣé àlejò yẹn ti lọ? Láti àná ni mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ. Mo ní n ò ní mumi títí wọn á fi gbà ọ́."

"Ẹ ṣé, Ma. Ó ti lọ. Ẹ mumi, Ma."

"Ṣé ó rí orúkọ mi?" Obìnrin náà sún mọ́ fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í díẹ̀. "Má bínú pé mò ń béèrè. Ilé ni mo bí Rótìmí sí, wọn ò kọ ọ́ sí ìwé kankan. Ìwé tí wọ́n fi gbé e lọ, mi ò sí níbẹ̀. Tìẹ yìí nìkan ló sọ pé èmi ni mo bí i. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Túndùn wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo tábìlì. Rótìmí ti gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, Ma," Túndùn wí. "Ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́."

"Àlìhámúdùlílàhì," ni obìnrin náà wí, ó sì ké sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́.